Ìtàn Tó Gbọ́dọ̀ Parí Láàárín Wákàtí Kan

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ríṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Àgbádárìgì, inú gbogbo wa dùn, títí di ìgbà tí a rí ìwé tí wọ́n kọ àkókò iṣẹ́ rẹ̀ sí. Sátidé wà níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wọlé, ìyẹn ni pé bí aago mẹ́ta bá ti lù, ó gbọ́dọ̀ ti máa wá ọkọ̀ ní Okokomaiko. Bẹ́ẹ̀ kì í fọṣọ tán, kì í se oúnjẹ tó máa jẹ lọ́sẹ̀ tán, kó tó di aago méjì. Wákàtí kan péré ló ṣẹ́ kù fún wa lọ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń fi wákàtí náà ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ní Igbó-Elérin. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ, rìsíìtì, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń ṣe. Lọ́sàn-án Sátidé, oníbàárà kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú, torí àwọn tó ń ṣe ìnáwó ti wà níbi ìnáwó, àwọn tó kù sì ń sinmi. Àkókò yẹn ni èmi, nọ́ọ̀sì yìí, àti ọ̀rẹ́ wa kan tó ń tún anpilifáyà ṣe ní Ọjà Àlàbá máa ń jókòó yí tábìlì tí mo fi ń gé bébà ká, tí a ó sì máa ṣeré.

Kì í ṣe lúdò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dáìsì lúdò la ń lò. Eré ìtàn ni. Ẹnì kan á máa darí rẹ̀. Òun ló máa sọ ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ rí, àti ẹni tó dúró níwájú yín. Àwọn tó kù, kálukú á mú ẹnì kan tó fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà, bóyá ọdẹ, bóyá oníṣòwò, bóyá ọmọ ọba tó sá kúrò nílé, á sì máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Bí ohun tó o fẹ́ ṣe bá le, wàá ju dáìsì. Bí nọ́ńbà tó jáde bá tóbi, ó bọ́ sí i. Bó bá kéré, wàhálà dé. Kò sí ẹni tó ń borí ẹnì kan. Gbogbo wa la jọ ń fi ẹnu kọ́ ìtàn náà, tí a ó sì rí i bó ṣe máa já sí. Ẹnì kan tí a jọ gbé yàrá nígbà tí mo wà ní yunifásítì l'Ọ̀jọ́ ló kọ́ mi, mi ò sì fi sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Èmi ni mo sábà máa ń darí. Ìtàn kan wà tí a ti ń bá bọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ìlú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ogun méjì, àti ẹṣin àgbàlagbà kan tí ọ̀rẹ́ wa oní-anpilifáyà kọ̀ láti fi sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, láti ọ̀sán títí tí oòrùn á fi wọ̀ la fi máa ń ṣe é. Nígbà tó wá di wákàtí kan, a gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí a tó rántí ibi tí a bá a dé, kí a tó bára wa jiyàn tán lórí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ọ̀sì ti ń gbé báàgì rẹ̀.

"Àbẹ́ẹ̀gì," ni ọ̀rẹ́ wa oní-anpilifáyà wí lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Ọmọ Ìgbò ni, àmọ́ Ajangbadi ni wọ́n bí i sí, Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. "Kọ ọ̀kan fún wa tó máa parí. Kékeré. Ká bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ká ṣe é, kó tán, kálukú máa lọ. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

Mo ní kò le rárá. Mo ní kí wọ́n fún mi di Sátidé tó ń bọ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi kọ ọ́. Ìlú kan ni mo fi sábẹ́ ọ̀sà. Mo ya àwòrán àwọn òpópónà rẹ̀. Mo fún un ní ọba, mo fún ọba ní olorì mẹ́ta, mo fún olorì kọ̀ọ̀kan ní àṣírí. Mo kọ bí ìlú náà ṣe rì. Mo kọ orúkọ àwọn ọjà ibẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń tà nínú wọn, torí mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan á béèrè. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni. Mo dì í pọ̀, mo ya obìnrin kan tó ń jáde láti inú omi sára èèpo rẹ̀, mo sì gbé e sórí tábìlì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé tán.

Ẹnu ibodè ìlú náà ni mo fi oníbodè kan sí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ nípa rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: arúgbó, ó ń tòògbé. Wọ́n kí i. Ó kí wọn padà. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ó ti jẹun. Ọ̀rẹ́ wa béèrè ohun tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ibodè, ó ní ó ti pọ̀ jù, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àlàbá. Mo ní ilẹ̀kùn ti ṣí. Wọ́n ní kí ló dé tí bàbá yìí fẹ́ kí àwọn tètè wọlé, àbí nǹkan wà ńbẹ̀? Mo ní kò sí nǹkan. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ìfura wọn tún pọ̀ sí i. Aago mẹ́ta lù. Kò sẹ́ni tó rí ọba. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé olorì kankan wà.

"Ó dùn gan-an o," ni nọ́ọ̀sì wí bó ṣe ń wọ bàtà. "Bàbá oníbodè yẹn, mo fẹ́ràn ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo jókòó ti ojú ewé mẹ́rìndínlógún tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ó sì ṣe mí bíi kí n sunkún. Mi ò sunkún. Mo dìde lọ gé káàdì ìgbéyàwó tó yẹ kí n ti gé láàárọ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ní Iba ni mò ń gbé. Tírélà ni bàbá mi wà kó tó fẹ̀yìn tì, láti Àpápá lọ sí Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀, àmọ́ títí di òní, ibi yòówù kó jókòó sí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ máa ń nà síwájú díẹ̀ bí ẹni fẹ́ tẹ nǹkan. Àgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun tí a ń lọ. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, màmá mi ti lọ bá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wẹ ọmọ tuntun ní Abẹ́òkúta, ilé wá sú bàbá mi. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi wá sí ṣọ́ọ̀bù. Á gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, á wọ awò ojú rẹ̀, á máa ka ìwé ètò ìsìnkú àwọn tí kò mọ̀ rí. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Háà, ẹni rere nìyí."

Ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, mo lọ ra íǹkì. Nígbà tí mo dé, ìwé ìlú abẹ́ ọ̀sà ni mo bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i láti ojú ewé kan dé òmíràn, ìka ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà, bí ẹni tó ń wo ìwé ẹrù kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde ní èbúté. Nígbà tó kà á tán, ó dá a padà sí ibi tó ti mú un. Títí a fi ti ṣọ́ọ̀bù, kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Inú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sí Iba ló ti la ẹnu.

"Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, ṣé ẹ̀ ń pe nǹkan ni?"

"Kí la fẹ́ máa pè, sà?"

"Mo rí obìnrin nínú omi. Mo rí dáìsì. Mo sì rí i pé ẹ máa ń ti ilẹ̀kùn."

"Torí èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa la ṣe ń ti ilẹ̀kùn, Dádì."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, pé bóyá ó tilẹ̀ ti gbàdúrà nípa rẹ̀ láìsọ fún mi. Ojú tì mí pé mi ò ronú kàn án.

"Àlọ́ ni, sà," ni mo wí. "Ẹ rántí àwọn èyí tí ẹ máa ń pa fún wa nígbà tí ẹ bá ti òkè ọya dé? Irú ẹ̀ náà ni. Ohun tó kàn fi yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń gbọ́ ọ lè ní òun ò gba ọ̀nà yẹn, òun fẹ́ gba ibòmíì, ẹni tó ń pa á á wá máa tẹ̀ lé e lọ."

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àdúgbò wa kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Àwọn tó wá sí ìlú tó wà nínú ìwé rẹ yẹn. Kí ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀?"

Nínú ojú ewé mẹ́tàdínlógún, mi ò kọ ọ́.

"Mo kà á tán," ni bàbá mi wí. "Mo mọ ohun tí ọba jẹ láàárọ̀. Mi ò mọ ohun tí àwọn àlejò wá ṣe. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹnu géètì ni n bá jókòó sí, n bá máa bá gétímáànù sọ̀rọ̀."

Mi ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé fún un. Mo bú sẹ́rìn-ín débi pé oníkẹ̀kẹ́ bojú wẹ̀yìn.

Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo ní ojú ewé kan ni, ẹyọ kan, iwájú rẹ̀ nìkan, ohun tí kò bá sì lè gba ibẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n wá ṣe, mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè. Ìyá kan ń rọbí ní òdìkejì omi, wọ́n fẹ́ gbé agbẹ̀bí lọ bá a kí omi tó fà, torí bí omi bá ti fà, ẹrẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, ọkọ̀ kò ní lè gúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá wá ohun tó máa dí wọn lọ́wọ́. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo gbé kàlẹ́ńdà lọ fún ìjọ kan nítòsí etí omi l'Ọ̀jọ́. Mo rí atukọ̀ kan tó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, tó kọ ẹ̀yìn sí omi. Àwọn èrò dúró létí omi, wọ́n ń pè é, kò dá wọn lóhùn. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é títí di òní. Mo mú un bẹ́ẹ̀, mo fi sínú ìtàn. Mo ní àbúrò rẹ̀ ló kú sómi, pé bó bá ti dé àárín omi, ohùn àbúrò náà á máa pè é, nítorí náà kò fẹ́ wakọ̀ mọ́.

Ohùn òkú yìí dà mí láàmú. Mo pa á rẹ́ nítorí bàbá mi. Mo fi ọ̀nì sí i. Ọ̀nì yẹn kò dùn, ọ̀nì ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa lù ú tí ọ̀rọ̀ á tán. Mo dá ohùn náà padà. Mo ní bí bàbá mi bá béèrè, màá ṣàlàyé.

Ibi mẹ́ta ni mo fi sí i: etí omi, àárín omi, èbúté kejì. Mo gbé fóònù síwájú, mo ń ka etí omi sókè bí ẹni tó ń darí eré, mo wò ó, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ráyè sọ̀rọ̀. Mo gé e. Mo tún kà á, ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo tún gé e, títí tó fi ku ìlà mẹ́rin. Ó dùn mí lọ́kàn láti gé àwọn ọ̀rọ̀ kan tó rẹwà níbẹ̀, pàápàá ìlà kan nípa àwọn ẹyẹ funfun, àmọ́ kò sí ohun tí àwọn ẹyẹ náà ń ṣe.

Mo tún rí i pé kò yẹ kí dáìsì tó bá kọ̀ dá ìtàn dúró. Tẹ́lẹ̀, bí o bá ju dáìsì tó kéré, ohun tó o fẹ́ ṣe kò ṣeé ṣe, gbogbo wa á wá jókòó máa wo ara wa. Mo bu ẹ̀wà mẹ́fà sínú àwo kékeré kan. Mo ní àwọn ẹ̀wà yìí ni omi tó kù kó tó fà. Bí dáìsì bá kọ̀, ọkọ̀ á ṣì máa lọ, àmọ́ a ó mú ẹ̀wà kan kúrò. Bí wọ́n bá tán, ìyá náà á dá nìkan bímọ. Lẹ́yìn èyí ni mo mú káàdì ìgbéyàwó mẹ́ta tó bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, mo kọ ẹni mẹ́ta sí ẹ̀yìn wọn: agbẹ̀bí, alàwọ̀n, àti oníṣòwò aṣọ kan tó mọ atukọ̀ náà láti kékeré. Ìlà méjì péré ni mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tó lè ṣe àti ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ní Sátidé, aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì wọlé, òógùn bò ó. Ó mú agbẹ̀bí láìwo káàdì tó kù. Ọ̀rẹ́ wa mú alàwọ̀n. Káàdì kan ṣẹ́ kù lórí tábìlì. Ọ̀rẹ́ wa wo ẹnu ọ̀nà níbi tí bàbá mi jókòó sí.

"Dádì, ẹ ò ní bá wa ṣe é?"

"Èmi? Mò ń kàwé."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni nọ́ọ̀sì wí. "A ò pé."

Bàbá mi pa ìwé ìsìnkú rẹ̀ dé. Ó gbé àga rẹ̀ wọlé, ó sì fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn nítorí èéfín. Ó ṣí fìlà. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbàdúrà," ló wí. Ó gbàdúrà ṣókí, pé kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ẹnu wa pe ohun tí agbára wa ò ká. A ní àmín. Ti ọ̀rẹ́ wa ló lọ sókè jù. Bàbá mi wá mú káàdì, ó gbé e jìnnà sójú láti kà á. "Oníṣòwò aṣọ ni mí," ló wí, bí ẹni tó ń jẹ́rìí ní kóòtù.

Mo kà á fún wọn. "Ẹsẹ̀ yín ti wà nínú omi. Ní òdìkejì, ẹnì kan ń ju àtùpà sọ́tùn-ún sósì, àmì pé ìyá náà ti ń rọbí. Ọkọ̀ kan ló wà. Ẹni tó ni ín jókòó sínú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sómi, kò dá yín lóhùn. Kí lẹ ṣe?"

"Mo wọnú ọkọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí, kí n tó mí.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bàbá mi bẹ atukọ̀ náà, ó ní òun mọ ìyá rẹ̀, òun ló ta aṣọ tí ó fi pọ̀n ọ́n fún un. Ó ju dáìsì, ó fi ìka méjì mú un bí ohun tó gbóná, ó jáde ní mẹ́fà. Ẹ̀rín músẹ́ tí mo rí lójú rẹ̀, ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, mo ní ohùn kan pe atukọ̀ lórúkọ, atukọ̀ sì fi àjẹ̀ tó fi ń wakọ̀ sílẹ̀.

"Mo ju àwọ̀n síbi tí ohùn yẹn ti ń wá," ni ọ̀rẹ́ wa wí. Dáìsì jáde ní ẹyọ kan. Àwọ̀n há. Ẹ̀wà kan lọ. Nọ́ọ̀sì ní òun á fi òwú tó wà nínú báàgì agbẹ̀bí dí etí atukọ̀. Ó jáde ní méjì. Atukọ̀ gbọn orí, òwú bọ́ sómi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀wà tún lọ. Àwọn méjèèjì tún gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún kọ̀ fún wọn, ẹ̀wà méjì tún lọ. Ó wá ku méjì. Gbogbo wa yíjú sí bàbá mi. Kò fọwọ́ kan dáìsì.

"Kí ló ń sọ?"

"Ta ni, sà?"

"Ẹni tó wà nínú omi. O ní ó pè é lórúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Mo wo ojú ewé mi. Kò sí níbẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ẹni tó bá ń peni, ó ní ohun tó fẹ́.

"Ó ní," ni mo wí, mi ò mọ ibi tí mo ti rí i, "ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, òtútù ń mú mi. Ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀.'"

Bàbá mi gbé ọwọ́ lé etí tábìlì bí ẹni di etí ọkọ̀ mú.

"Ìwọ tó wà nínú omi, a gbọ́ ọ," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí èyí tó fi ń bá èmi sọ̀rọ̀ bí mo bá ń ṣàìsàn. "Obìnrin kan ń rọbí lọ́hùn-ún. Jẹ́ ká kọ́kọ́ dá a lóhùn. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, a máa padà wá gbé ọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Mi ò ní kó ju dáìsì. Mo ní omi pa rọ́rọ́, mo ní atukọ̀ mú àjẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wà méjì. Nọ́ọ̀sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ní kí n jẹ́ kí òun sọ bí ọmọ náà ṣe wáyé, ó sì sọ ọ́ dáadáa débi pé ọ̀rẹ́ wa oní-anpilifáyà ń wo òkè àjà. Obìnrin ni ọmọ. Mo wo fóònù, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kí aago mẹ́ta lù. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ó parí o!" Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ọ̀rẹ́ wa pàtẹ́wọ́. Bàbá mi kò pàtẹ́wọ́.

"Kò tíì parí. A ò tíì padà."

"Dádì, wọ́n ti gbẹ̀bí. Ìtàn ti tán."

"Mo ní mo máa padà."

Ọ̀rẹ́ wa wò mí. Nọ́ọ̀sì wo aago, ó gbé báàgì tó ti gbé kọ́ apá kalẹ̀. La bá padà sómi. Mi ò ní nǹkan kan lákọsílẹ̀ fún un, kò sẹ́ni tó sì béèrè. Àwọ̀n tó ti há, alàwọ̀n fà á, àbúrò wà nínú rẹ̀. Atukọ̀ ló fúnra rẹ̀ gbé e. Oníṣòwò aṣọ tú aṣọ tó dára jù nínú ẹrù rẹ̀, ó fi wé e. Bàbá mi ló sọ àwọ̀ aṣọ náà, funfun ni. Wọ́n sin ín sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó ti kọjá aago mẹ́ta pẹ̀lú ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí nọ́ọ̀sì sáré jáde, ó ń pariwo lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé bí wọ́n bá lé òun lẹ́nu iṣẹ́, bàbá mi ló fà á.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo bi bàbá mi pé kí ló dé tó fi ta kú pé a gbọ́dọ̀ padà.

"Obìnrin kan wà lọ́nà Mókwá, ó ti pẹ́. Ó pọnmọ, iṣu rẹ̀ wà nílẹ̀. Ó nawọ́ sí mi. Mi ò lè gbé e, ẹrù kún iwájú ọkọ̀. Mo ní bí mo bá ń bọ̀, màá gbé e. Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú o. Nígbà tí mo ń bọ̀, wọ́n ní afárá kan bàjẹ́, ọ̀nà mìíràn ni mo gbà."

"Ọkọ̀ mìíràn á ti gbé e, sà."

"Ó dá mi lójú pé ọkọ̀ mìíràn gbé e. Ọkọ̀ pọ̀ lọ́nà yẹn." Ó fọwọ́ kan èjìká oníkẹ̀kẹ́. "Bá wa dúró lọ́dọ̀ ìyá oní-bọ̀ọ̀lì yẹn, jọ̀ọ́."

A ra bọ̀ọ̀lì, a sì jẹ ẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi délé.

Ní Mọ́ńdè, mo tún ojú ewé náà ṣe. Mo fi ohun tí ohùn náà ń sọ sí i. Mo fi ìlà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ fún ẹni tó bá ṣèlérí pé òun máa padà. Kí àyè lè gbà wọ́n, mo yọ gbogbo ohun tí mo kọ nípa ojú atukọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ àti àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá mi kà á, ó fi báírò ya ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan tí mo kọ láìfi àmì sí, ó ní ó dáa. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo gbọ́ tí àgbà kan ń bi í ohun tó máa ń gbé e lọ sí Igbó-Elérin ní gbogbo Sátidé. "Àlọ́ ni," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Ọmọ mi ló ń pa á. Àwa là ń bá a tún un ṣe."

Mo tẹ ogún jáde lórí bébà tó le. Mo kó díẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wa oní-anpilifáyà, mo kó díẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, tó ní àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń wá ohun tí wọ́n máa ṣe lásìkò ìsinmi. Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kó tó mú ọ̀kan padà wá fún mi. Tíì ti dà sí i lára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya. Ẹnì kan lára wọn, obìnrin Ẹ̀gùn kan tí bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ ojú omi, ti fi báírò aláwọ̀ búlúù fa igi lé ọ̀rọ̀ mi ní ibi mẹ́ta. Gbogbo ibi tí mo ti kọ àjẹ̀, ó pa á rẹ́, ó kọ ọ̀pá. Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé omi tí ó bá lè fà títí di ẹrẹ̀ kò jìn, pé ọ̀pá gígùn ni atukọ̀ fi ń ti ọkọ̀ níbẹ̀, àti pé kí ẹni tó kọ ọ́ má bínú.

Mi ò bínú. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ pé kó bá mi kí i. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo yí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, mo sì tẹ ogún mìíràn.